Láti Ojú Ọjà Chipping Campden dé Orí Òkè Broadway: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fẹsẹ̀ Rìn Ín

Máìlì 6, nǹkan bíi kìlómítà 10, ni láti ojú ọjà Chipping Campden dé abúlé Broadway. Ẹni tí ara rẹ̀ jí pépé lè fi wákàtí 3 rìn ín. Ẹni tó kó ọmọ dání, tó fẹ́ dúró wo nǹkan, tó sì fẹ́ jókòó jẹun, kó ya wákàtí 5 sọ́tọ̀. Òkè méjì lẹ máa bá lójú ọ̀nà. Dover's Hill ni àkọ́kọ́, mítà 230 ni gíga rẹ̀ láti ìpele òkun. Òkè Broadway ni ìkejì, mítà 312, ilé ìṣọ́ olókùúta kan sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Agbègbè Cotswolds ni gbogbo rẹ̀ wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí irun àgùntàn ti sọ àwọn ará ìgbàanì di olówó.

Àwọn èèyàn wa tó wà nílùú ọba ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ ní Lọ́ndọ̀nù tí wọn ò mọ̀ ju ọ̀nà ibiṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn pé oko òyìnbó kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Kì í ṣe òkè ló ń bà wọ́n lẹ́rù, kì í sì í ṣe òtútù. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé: ta ló ni ilẹ̀ yìí, ṣé wọn ò ní lé mi jáde? Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ kò lè gbádùn ìrìn.

Ta ló ni ọ̀nà?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó bá ti wà nínú máàpù òfin ìjọba ìbílẹ̀, títì ọba ni. Ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ní láti fẹsẹ̀ rin títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà, òun náà lẹ ní láti rìn ín. Olóko ló ni ilẹ̀, gbogbo ayé ló ni ọ̀nà. Ẹ ò ní tọrọ àyè, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín pé kí lẹ wá wá. Bí olóko bá fi katakata tú ojú ọ̀nà náà nígbà tó fẹ́ gbin nǹkan, ọjọ́ 14 ni òfin fún un kó fi tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ fi àgádágodo ti géètì ojú ọ̀nà pa mọ́ yín. Ojúṣe tiyín ni pé kẹ́ ẹ dúró lójú ọ̀nà. Ìgbà tí ẹ bá yà bàrá sínú ọkà ẹni ẹlẹ́ni lẹ di ẹni tó ń rin ilẹ̀ onílẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ojú ọ̀nà lẹ wà? Àmì wà lára òpó àti géètì. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ọfà aláwọ̀ búlúù jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́. Èyí tó kàn yín jù ni àwòrán èso igi oak, èso kékeré tó dé fìlà sórí, torí òun ni àmì àwọn ọ̀nà ńláńlá tí ìjọba ń tọ́jú fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìrìn tiwa yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ Cotswold Way, ọ̀nà tó gùn ní máìlì 102 láti Campden dé ìlú Bath, tó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀nà ńlá náà lọ́dún 2007. Nítorí náà, èso yẹn máa bá yín lọ láti ojú ọjà dé Broadway. Bí ẹ bá rìn tó ìṣẹ́jú 10 tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ má dá ọ̀nà tiyín là. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo apá ibi tó kọjú sí.

Ohun kan tún wà. Ní Lọ́ndọ̀nù, ẹni tó bá ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí lójú títì, wọ́n á máa wò ó tìfuratìfura. Lójú ọ̀nà oko, ẹni tí kò bá kí èèyàn ló ṣe ohun àjèjì. Ọmọ Yorùbá ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìkíni. Ẹ kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ẹrẹ̀ pọ̀ níwájú.

Ìgbà tó dára àti ẹrù tẹ́ ẹ máa dì

Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ló dára jù. Nínú oṣù Kẹfà, aago 9 alẹ́ á kọjá kílẹ̀ tó ṣú. Nínú oṣù Kejìlá, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni òkùnkùn ti ń dé, ẹni tó bá sì kúrò ní Campden lẹ́yìn aago 12 ọ̀sán lásìkò yẹn ń wá ìdààmú. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ sún un síwájú bó bá ṣeé ṣe. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ó sì ń mú kí ìrìn wákàtí 3 di wákàtí 5.

Bàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ ra èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó jinlẹ̀, tó sì bo ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́ rìn ládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó dọjọ́ náà, kó má bàa bó yín lẹ́sẹ̀. Kánfáàsì pẹlẹbẹ ò dáa lórí koríko tútù lójú ìdagẹ̀rẹ́. Jíǹsì náà ò dáa: tó bá ti rin gbindin, kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ, kódà nínú ooru, torí nǹkan méjì. Èkíní ni èsìsì ilẹ̀ òyìnbó tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tó máa ń jó ni lára. Èkejì ni eégbọn. Eégbọn inú koríko lè kó àrùn tí wọ́n ń pè ní Lyme ranni. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara yín àti ti àwọn ọmọ wò dáadáa: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ẹ̀yìn etí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti bù yín jẹ, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú mú un níbi tó sún mọ́ awọ ara jù, kẹ́ ẹ fà á tọwọ́tọwọ́ láìfún un. Bí ojú ibẹ̀ bá wá ń pọ́n, tó ń ràn káàkiri ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ẹ̀wù òjò wà lára ẹrù tí kò ṣeé fi sílẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nígbà tẹ́ ẹ jáde nílé. Orí òkè Broadway gbòòrò, atẹ́gùn rẹ̀ ń gbá ni lójú, nítorí náà ẹ mú ẹ̀wù kan tẹ́ ẹ lè fi kún èyí tẹ́ ẹ wọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kó mú omi lítà 1, ó kéré tán.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ gbé tilé. Mọ́ínmọ́ín ló dára jù lójú tèmi: kì í dà nù, kì í béèrè ṣíbí, ó dùn ní tútù, ó sì ń dúró nínú. Ẹyin sísè àti ṣin-ṣín náà dáa. Ẹ lè rọ ìrẹsì sínú fúláàsì oúnjẹ bí ẹni tó máa gbé e bá wà. Ẹ mú àpò ọ̀rá tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí sí dání, torí kò sí ibi ìdalẹ̀nù lójú ọ̀nà oko, a kì í sì í fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀, títí kan èèpo ọsàn.

Máàpù bébà tó bo gbogbo ọ̀nà yìí ni Ordnance Survey Explorer OL45. Ẹ rà á, bí ẹ tilẹ̀ ní fóònù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ ní àwọn ibì kan, nítorí náà ẹ wa máàpù sórí fóònù yín láti ilé, kẹ́ ẹ sì gba iná sí i dáadáa. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999 gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn. Ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn agbanisílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ti tó láti fi sọ̀rọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀

Láti ibùdó Paddington ní Lọ́ndọ̀nù, ẹ wọ rélùwéè lọ sí Moreton-in-Marsh. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀. Láti Moreton, bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín dé Chipping Campden. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì náà lórí ìkànnì Traveline kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí bọ́ọ̀sì abúlé ò pọ̀, ti ọjọ́ Sunday sì lè má sí rárá. Bí ẹ bá jẹ́ ìdílé, Family & Friends Railcard ń dín owó àgbà kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì ń gé ìdá 60 nínú 100 kúrò nínú owó ọmọdé. Owó tó máa yọ nínú ìrìn kan tó jìn tó èyí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó káàdì náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ní mọ́tò, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi: ẹ má gbé e sí Campden. Ẹ gbé e sí Broadway láàárọ̀, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí lọ sí Campden, kẹ́ ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ síbi mọ́tò yín. Ẹni tó ń rìn bọ̀ wá síbi mọ́tò rẹ̀ kò bá aago sáré. Ẹni tó ń rìn lọ síbi bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kò ní lè jókòó wo ohunkóhun.

Ojú ọjà

Ẹ má tíì máa lọ. Ìlú náà fúnra rẹ̀ tó wákàtí kan.

Òkúta aláwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé òpópónà náà, láàárín rẹ̀ sì ni Market Hall dúró sí. Olówó kan tó ń jẹ́ Sir Baptist Hicks ló kọ́ ọ lọ́dún 1627, kí àwọn tó ń ta wàràkàṣì, bọ́tà àti adìyẹ lè ríbi forí pa mọ́ sí. Kò ní ilẹ̀kùn. Òpó òkúta àti ẹnu ọ̀nà tí orí wọn tẹ̀ rọ́bọ́tọ́ ló yí i ká, igi ńláńlá ló sì gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Ẹ wọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ilẹ̀. Òkúta tó wà nílẹ̀ ti wọ́ gbágungbàgun, ibì kan ga, ibì kan jìn, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ti ń ná ọjà níbẹ̀ láti bí 400 ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pa òjò rí nídìí ọjà rẹ̀ máa mọ iṣẹ́ tí ilé yìí ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́tà ló sọ Campden di ńlá. Irun àgùntàn ni. Láàárín ọdún 1300 sí 1500, irun àgùntàn Cotswolds ń lọ sí Flanders àti Italy, àwọn alágbàtà ibí ló sì ń kó o jọ. William Grevel ni olórí wọn. Ilé tó kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1380 ṣì wà lójú òpópónà náà. Nígbà tó kú lọ́dún 1401, wọ́n sin ín sínú ṣọ́ọ̀ṣì St James, wọ́n sì fi idẹ ṣe àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ sórí sàréè. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní èdè Látìn ni pé òun ni òdòdó àwọn oníṣòwò irun àgùntàn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì nìyẹn, ká má parọ́. Ẹ lọ wò ó. Lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ilé tí Hicks kọ́ fún àwọn aláìní lọ́dún 1612, ọkùnrin 6, obìnrin 6.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, torí ìrìn wa ò gba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ padà sí Market Hall, kẹ́ ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ bó bá ń gbọ̀n yín, kẹ́ ẹ rọ omi kún ìgò.

Láti ìlú dé Dover's Hill

Ẹ kẹ̀yìn sí apá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì St James wà, kẹ́ ẹ máa bá òpópónà lọ títí ẹ fi máa rí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì, St Catharine's. Níbẹ̀ lẹ ti máa yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé èso igi oak dé Hoo Lane. Hoo Lane ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ló kọ́kọ́ wà lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà ilé á tán, ọ̀dà á tán, ọ̀nà á sì di ọ̀nà oko.

Ẹ má sáré gun ibí yìí. Ẹni tí kò tíì gun òkè rí máa ń fi agbára bẹ̀rẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìdajì. Ìrìn tó dára ni èyí tẹ́ ẹ ṣì lè máa fi sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ń gé lẹ́nu yín, ẹ dẹ ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wẹ̀yìn wo ilé gogoro St James tó yọ sókè láàárín àwọn igi.

Lókè, ẹ máa bọ́ sí títì kan tó ń jẹ́ Kingcomb Lane. Mọ́tò ń gba ibẹ̀, ẹ di ọmọ mú. Ẹ yà sósì fún ìṣísẹ̀ díẹ̀, àmì á sì darí yín sọ́wọ́ ọ̀tún gba etí oko kan. Etí oko yìí ló máa gbé yín dé géètì Dover's Hill. Nǹkan bíi kìlómítà 2 lẹ rìn yẹn.

Bí ẹ bá ti kọjá géètì, ilẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì níwájú yín. Àfonífojì Evesham ló tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ yẹn, ilẹ̀ àwọn tó ń gbin èso àti ẹ̀fọ́, àwọn òkè Malvern sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bójú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹ lè rí òkè Wales. Ojú ìdagẹ̀rẹ́ náà tẹ̀ kọrọdọ, ó ṣe rẹ́gí fún èrò ìwòran, ìdí nìyẹn tí lọ́yà kan tó ń jẹ́ Robert Dover fi bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá níbẹ̀ lọ́dún 1612, tó pè é ní Olimpick. Ìjàkadì wà níbẹ̀, eré sísá wà níbẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni gbígbá ojúgun. Ẹni méjì á wọ ẹ̀wù funfun darandaran, wọ́n á ki koríko gbígbẹ bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, wọ́n á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á sì máa gbá ara wọn lójúgun títí ọ̀kan á fi ṣubú. Wọ́n fòpin sí eré náà lọ́dún 1852, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951, Friday tó tẹ̀ lé ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó yẹra fún ọjọ́ yẹn. Èmi á gba ẹlòmíì nímọ̀ràn pé ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá.

Bí ọmọ kékeré bá wà pẹ̀lú yín, tàbí bí àgbà tí orúnkún ń dùn bá wà láàárín yín, ẹ parí rẹ̀ síbí. National Trust ló ń tọ́jú òkè yìí, ọ̀nà kúkúrú kan wà tó yí i po gba inú igbó Lynches Wood, òdòdó aláwọ̀ búlúù sì ń tẹ́ síbẹ̀ bí oṣù Kẹrin bá ń parí lọ. Ẹ jẹun, ẹ yí igbó náà po, ẹ padà sí Campden. Ìrìn gidi ni.

Mile Drive, ògiri òkúta àti màlúù

Ẹni tó bá ń lọ, kó gba ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí jáde sí títì. Apá kékeré yìí ni mi ò fẹ́ràn nínú ìrìn náà, torí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ máa rìn. Ẹ tò tẹ̀ léra wọn, ẹ kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ máa wo èso igi oak títí á fi yà yín kúrò lójú títì bọ́ sínú pápá. Láìpẹ́ ẹ máa dé Mile Drive, ọ̀nà koríko fífẹ̀ tó tẹ́jú, tí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèyàn 6 lè rìn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn jù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lágbègbè yìí, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀, kò sí amọ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi lé òkúta pẹlẹbẹ, àwọn tó wà lókè pátápátá ni wọ́n dá dúró lóòró kí ìwúwo wọn lè tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ sún mọ́ òkúta kan, kẹ́ ẹ wò ó fínnífínní. Hóró róbótó kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n so pọ̀ bí ẹyin ẹja. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yìí ti ṣẹ̀dá, nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn bo gbogbo ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ lè rí ìkarahun nínú òmíràn. Irú òkúta yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ Market Hall, ilé Grevel àti ilé ìṣọ́ tẹ́ ẹ ń lọ bá. Ẹ má yọ èyíkéyìí nínú ògiri, kẹ́ ẹ má sì gun ún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún un tò, iṣẹ́ ọ̀jáfáfá sì ni.

Lẹ́yìn Mile Drive, ẹ máa gba inú pápá kọjá, ẹran ọ̀sìn sì lè wà níbẹ̀. Géètì tẹ́ ẹ bá bá ní pípadé, ẹ padà pa á dé. Èyí tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olóko ló mọ ìdí. Àgùntàn ò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ kàn má jẹ́ kí ọmọ yín lé wọn, pàápàá láti oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún tí wọ́n ń bímọ. Bí ẹ bá rí ọmọ àgùntàn tó dá wà, ẹ má gbé e, ìyá rẹ̀ ò jìnnà.

Màlúù lọ̀rọ̀ wà. Màlúù tó ń dá jẹko kì í wo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá láé. Ẹ rìn yí wọn po lọ́nà jíjìn, bó bá tilẹ̀ gba pé kẹ́ ẹ kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ẹ má pariwo, ẹ má sá, ẹ má kẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó mú ajá wá, kó so ó mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá dojú kọ yín, ẹ tú ajá náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ajá ni màlúù ń bínú sí, ó sì máa sáré là. Ẹ̀yin lẹ ò lè sáré tó màlúù.

Ẹ máa gba ibi ìsinmi Fish Hill kọjá, tábìlì wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni títì A44. Ibi tó léwu jù lójú ọ̀nà nìyí, torí eré burúkú ni mọ́tò ń sá níbẹ̀. Kí gbogbo yín péjọ kẹ́ ẹ tó sọdá, kí ẹnì kan máa wo ọ̀tún, kí ẹnì kan máa wo òsì. Lódìkejì, ọ̀nà á gba inú igi lọ, á sì bọ́ sí pápá tó kún fún kòtò àti gegele. Ibi tí wọ́n ti wa òkúta láyé àtijọ́ ni. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ ti ń rí ilé ìṣọ́ náà.

Orí òkè Broadway

Broadway Tower ga ní mítà 20. Lady Coventry ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, James Wyatt ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì parí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nǹkan bí ọdún 1798. Ó jọ ilé ológun, ṣùgbọ́n ogun kankan ò jà níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin náà fẹ́ mọ̀ bóyá iná tí wọ́n bá dá lórí òkè yìí máa hàn dé ilé òun lápá Worcester, tó jìn ju máìlì 20 lọ. Wọ́n dáná, ó hàn, ó sì kọ́lé sí i. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, wá gbé nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1876. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ṣì wà títí dòní. Nítòsí ilé ìṣọ́ náà, abẹ́ ilẹ̀, iyàrá kan wà tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń múra de bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà tí Soviet àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ń halẹ̀ mọ́ ara wọn.

Owó ni wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó gun inú rẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì ń ta tíì àti oúnjẹ nítòsí. Ẹ ò ní sanwó kẹ́ ẹ tó dúró lórí òkè náà, ohun tẹ́ ẹ sì máa rí láti orí koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti orí òrùlé. Bí owó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ fi í ra tíì.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè dé orí òkè yìí kí n má rántí, ó sì so ọ̀nà tẹ́ ẹ rìn yìí pọ̀ láti ìdí dé òkè. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1660, William Harrison, ẹni 70 ọdún tó ń gba owó ilẹ̀ fún ìdílé Hicks, fẹsẹ̀ rìn jáde ní Campden láti lọ gba owó ní abúlé kan tí kò jìnnà. Kò padà. Wọ́n rí fìlà rẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya, àti aṣọ ọrùn rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọn ò rí òkú. Ìránṣẹ́ rẹ̀, John Perry, bá sọ fún àwọn adájọ́ pé ìyá òun Joan àti arákùnrin òun Richard ló pa bàbá náà. Àwọn méjèèjì ní irọ́ ni. Lọ́dún 1661, wọ́n so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ lórí òkè Broadway. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ so, torí wọ́n ní àjẹ́ ni, pé bó bá kú, ọ̀rọ̀ á yọ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kankan ò yọ. Lọ́dún 1662, William Harrison fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Campden láàyè. Ó ní àwọn kan ló jí òun gbé, tí wọ́n tà òun lẹ́rú sí ilẹ̀ Turkey. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí tí John Perry fi parọ́ mọ́ ìyá tó bí i, tó sì fi ẹ̀mí tirẹ̀ náà lé e.

Ìsọ̀kalẹ̀ sí Broadway

Ìsọ̀kalẹ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ó ga, orúnkún ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ so okùn bàtà le dáadáa kí ìka ẹsẹ̀ má bàa máa gbá iwájú bàtà, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kékeré kékeré, kẹ́ ẹ sì máa yà lọ́tùn-ún lósì níbi tó bá yọ̀. Ọ̀pá lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an níbí. Géètì ló tẹ̀ lé géètì, pápá tẹ̀ lé pápá, títí ẹ máa fi bọ́ sí òkè òpópónà Broadway. Ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gbà láti Worcester sí Lọ́ndọ̀nù ni abúlé yìí wà láyé ijọ́un, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹṣin kún ẹṣin kí wọ́n tó lè gun Fish Hill. Ìdí nìyẹn tí ilé ìgbàlejò àtijọ́ fi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibùdókọ̀, kẹ́ ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì tó kàn, kẹ́ ẹ tó jókòó níbikíbi. Kẹ́ ẹ ti ní nọ́ńbà takisí àdúgbò méjì lórí fóònù láti ilé.

Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lẹ fẹ́ kó wá, ẹ má kó ju èèyàn 12 lọ lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn 30 máa kún bọ́ọ̀sì abúlé dẹ́múdẹ́mú, àwọn ìyá àgbà tó fẹ́ lọ ra nǹkan ní Moreton á sì wà nídùúró. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí àwọn kan wá lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹni tó mọ ọ̀nà wà níwájú, kí ẹni tó ní sùúrù wà lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lẹ́yìn ẹni tó wà lẹ́yìn. Orin ẹnu dùn lójú ọ̀nà, ẹ kọ ọ́. Ẹ fi sípíkà sílé nítorí àwọn ẹran tó ń tọ́mọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń yún lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èso igi oak náà ò dúró sí Broadway. Abúlé Stanton ló kàn, òkè mìíràn tún wà láàárín wọn.